Ẹ̀rọ iṣẹ́ irin nínú ilé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń yàn wọ́n àti bí a ṣe ń lò wọ́n

Ẹni tó fẹ́ máa gbẹ́ irin nílé ara rẹ̀ ni mo kọ èyí fún. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á: ohun tó bá ń gbọ̀n kò lè gé irin dáadáa. Ì báà jẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀bẹ rẹ̀, tàbí irin tí ẹ ń gé, bí ọ̀kan bá ti ń mì, iṣẹ́ á bàjẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè táwọn èèyàn ń béèrè, ibẹ̀ ni ìdáhùn wọn ti ń wá.

Ẹ̀rọ wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Fáìsì, ìyẹn ohun tí a fi ń di irin mú pinpin. Fáìsì tó wúwo, tí wọ́n dè mọ́ tábìlì tí kì í mì, pẹ̀lú ayùn irin àti fáìlì mélòó kan tí ẹnu wọn mú, lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ kí èèyàn tó nílò ẹ̀rọ kankan. Dírììlì onídùúró ló tẹ̀ lé e, nítorí ó ṣòro kéèyàn fi dírììlì ọwọ́ lu ihò tó dúró ṣánṣán.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ló máa sọ. Bí ohun tí ẹ ń ṣe bá jẹ́ roboto, bíi búùṣì, ṣáàfù, púlì àti bóòtù, léètì ni ẹ nílò, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gbẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ ohun pẹlẹbẹ, tí ẹ fẹ́ gbẹ́ kòtò sí i lára tàbí kí igun rẹ̀ gún régé, ẹ̀rọ mílíìnì ni, níbi tí ọ̀bẹ (kọ́tà) ti ń yí, tí irin sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ èyí tó máa ṣe, léètì ni mo máa ní kó rà. Ó lè lu ihò, ó lè fẹ ihò lójú, ó lè gé tíréèdì (eyín bíi ti bóòtù), èèyàn sì lè so irin mọ́ iwájú rẹ̀ kó fi ṣe iṣẹ́ mílíìnì fẹ́ẹ́rẹ́. Mílíìnì kò lè ṣe iṣẹ́ léètì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ná gbogbo owó yín tán sórí ẹ̀rọ o. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀, ó kéré tán, fún ọ̀bẹ, ẹnu dírììlì, ṣọ́ọ̀kì (ohun tó ń di irin tàbí ẹnu dírììlì mú kó lè yí) àti àwọn ohun ìwọ̀n. Ẹ̀rọ tí kò ní wọn ò ní lè gé ohunkóhun.

Báwo ni mo ṣe máa mọ léètì tó tó mi?

Nọ́ńbà méjì làwọn tó ń tà á máa ń gbé síwájú: bí irin tó lè yí lórí bẹ́ẹ̀dì (ara gígùn léètì tí ohun gbogbo jókòó lé) ṣe lè fẹ̀ tó, àti bó ṣe lè gùn tó. Àwọn kékeré tó wọ́pọ̀ nílé máa ń gba irin tó fẹ̀ tó nǹkan bí 180 mm, tó sì gùn tó 300 sí 350 mm. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì nìkan ló wà fún. Ibi tí ọ̀bẹ jókòó lé ga ju bẹ́ẹ̀dì lọ, nítorí náà ọ̀pá gígùn tó fẹ̀ 180 mm kò ní lè kọjá lórí rẹ̀. Nǹkan bí 110 mm ló máa gbà níbẹ̀.

Ohun kejì tí wọn kì í pariwo ni ihò tó la ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì já. Bí ihò náà bá jẹ́ 20 mm, ọ̀pá irin 25 mm kò ní gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ óò sì máa gé irin sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó lè so ó. Fún ẹni tó ń ṣe ohun púpọ̀ láti ara ọ̀pá gígùn kan ṣoṣo, èyí á máa dá a lágara.

Ìwúwo rẹ̀ ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò. Bí léètì méjì bá gba irin kan náà, tí ọ̀kan wọn 40 kg, tí èkejì sì wọn 120 kg, èyí tó wúwo ni kí ẹ gbé bí ẹ bá ti ní àyè fún un. Ó máa gé irin jinlẹ̀ láìgbọ̀n, ojú irin náà á sì jọ̀lọ̀.

Ṣé kékeré tuntun ló dára jù, àbí àlòkù ńlá?

Àlòkù ńlá tí wọ́n tọ́jú dáadáa ló dára jù. Èyí tí wọ́n ti lò gbó yóò fìyà jẹ yín ju kékeré tuntun lọ. Nítorí náà, ẹ má ra àlòkù tí ẹ kò rí kó máa yí.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín. Ẹ fi ọwọ́ pa bẹ́ẹ̀dì níbi tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ló sì ń kọ́kọ́ jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé carriage (apá tó ń gbé ọ̀bẹ rìn lórí bẹ́ẹ̀dì) sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ fún síkírù tó ń dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi wúwo lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí yóò ṣì máa rìn. Ẹ wá máa yí i lọ sí apá kejì. Bó bá há kó tó débẹ̀, ó túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀dì ti jẹ níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọn kì í lò sì ṣì nípọn bó ṣe wà. Ìdánwò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, kì í sì í parọ́.

Ti béárìn ló kàn. Ẹ so ọ̀pá tó gùn díẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ gbé géèjì alátọ́ka (ohun ìwọ̀n tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fi ìrìn kékeré hàn) lé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀kì, lára ọ̀pá tó gbé ṣọ́ọ̀kì gan-an, kí ẹ wá fi ọwọ́ gbé ọ̀pá gígùn tí ẹ so yẹn sókè pẹ̀lú agbára. Bí atọ́ka bá fò kọjá 0.02 tàbí 0.03 mm, béárìn náà ń fẹ́ àtúnṣe tàbí ìpààrọ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ náà ní gbogbo eré tó ní, kí ẹ sì tẹ́tí sí i; gíà tí eyín rẹ̀ ti kán máa ń kan ní ìdọ́gba-ìdọ́gba. Ẹ ka àwọn gíà tó ń bá ìgé tíréèdì lọ, torí àwọn ni wọ́n máa ń sọnù jù, ó sì ṣòro kéèyàn rí wọn rà lọ́tọ̀. Bí tailstock (orí kejì tó ń ti irin lẹ́yìn ní òdìkejì ṣọ́ọ̀kì) kò bá sí, ẹ máa lọ sílé.

Fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ni léètì tí mo rí ń lò, fẹ́ẹ̀sì kan sì ni iná ilé mi. Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Rárá. VFD (àpótí iná tó ń darí mọ́tò) wà tó ń gba fẹ́ẹ̀sì kan wọlé tó sì ń fi mẹ́ta jáde, ó tún jẹ́ kéèyàn lè yí eré padà láìpààrọ̀ bẹ́líìtì. Ẹ wo àmì ara mọ́tò iná náà. Bó bá kọ 230/400, ẹ lè so ó ní delta (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà so waya inú mọ́tò) kí VFD onífẹ́ẹ̀sì kan tó ń jáde ní 230 máa gbé e. Bí 400 nìkan bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Agbára VFD kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti mọ́tò. Ẹṣin kan jẹ́ 746 watt, nítorí náà mọ́tò ẹṣin méjì ń fẹ́ 1.5 kW. Ẹ má fi súìṣì sáàárín VFD àti mọ́tò, nítorí bí ẹ bá pa á nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, VFD lè jó. Ẹnu okùn kékeré tí wọ́n pèsè sára VFD fún títàn àti pípa ni kí ẹ so súìṣì mọ́. Ẹ jẹ́ kí oníná so ó, kó sì rí i pé waya ilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ alápapọ̀ tó ní léètì, mílíìnì àti dírììlì lórí ara kan náà ńkọ́?

Bí àyè yín bá kéré gan-an, ó ṣe é lò. Ẹ kàn mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ẹ óò tú ohun tí ẹ ti tò. Apá mílíìnì rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ aláìlágbára.

Mo ní dírììlì onídùúró. Ṣé mi ò lè fi kọ́tà mílíìnì sí i?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Títẹ̀ sísàlẹ̀ ni wọ́n ṣe dírììlì fún. Lára púpọ̀ nínú wọn, ìdí ṣọ́ọ̀kì kàn rì sínú ihò tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè ni, kò sí bóòtù tó fà á mọ́ra. Kọ́tà sì ń fi ẹ̀gbẹ́ gé irin, ó sì ń gbọ̀n. Bó bá ti gbọ̀n díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì á já bọ́ pẹ̀lú kọ́tà tó ṣì ń yí. Mílíìnì tòótọ́ ní ọ̀pá oníbóòtù tó ń fa kọ́tà mọ́ra láti òkè.

Nígbà tí ẹ bá ń ra mílíìnì kékeré, ẹ wo òpó rẹ̀. Èyí tí òpó rẹ̀ rí roboto máa ń sọ ojú àmì nù nígbàkigbà tí ẹ bá gbé orí rẹ̀ sókè tàbí wálẹ̀, torí orí náà lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Èyí tí òpó rẹ̀ ní igun ń lọ sókè-sódò lójú kan, ó sì yẹ kéèyàn san owó lé e nítorí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa gbé léètì kalẹ̀?

Lórí ohun tó wúwo tí kò lè mì, kò gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì pákó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá ga ju èkejì lọ, tí ẹ sì fi bóòtù fà á mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀dì á lọ́. Ìlọ́ náà kéré débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n irin tí ẹ bá gé kò ní dọ́gba: apá kan á tóbi ju èkejì.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Ẹ so ọ̀pá tó nípọn tó 25 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì, kó yọ síta tó nǹkan bí 150 mm, láìfi tailstock tì í. Ẹ gbẹ́ àárín rẹ̀ wọlé kó lè ku òrùka méjì, ọ̀kan nítòsí ṣọ́ọ̀kì, èkejì ní ìparí. Ẹ wá fi ọ̀bẹ tó mú ha òrùka méjèèjì fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, láìyí ìwọ̀n ọ̀bẹ padà láàárín wọn, kí ẹ sì fi micrometer (ohun ìwọ̀n tó péye gan-an) wọ̀n wọ́n. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ gbé ẹsẹ̀ apá tailstock sókè tàbí kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún ha á, títí tí méjèèjì á fi bára mu. Mo gbà pé iṣẹ́ yìí ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ lórí léètì èyíkéyìí, tuntun tàbí àlòkù.

HSS ni kí n lò ni àbí carbide?

Irú ohun tí wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀bẹ ni méjèèjì: HSS jẹ́ irin líle, carbide le jù ú lọ ṣùgbọ́n ó tètè ń já. HSS ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè pọ́n ọn sí bó ṣe wù yín, ẹnu rẹ̀ máa ń mú gan-an, ó sì ń gé fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó bá ẹ̀rọ kékeré mu. Carbide ń fẹ́ eré tó tó ìlọ́po mẹ́ta ti HSS, àti ẹ̀rọ tí kò gbọ̀n. Bí irin bá ní kòtò lára tí ọ̀bẹ ń kọlù léraléra, ẹnu carbide á já. Ó wúlò fún irin líle àti cast iron (irin tí wọ́n yọ́ dà) tí iyanrìn wà lójú rẹ̀.

Bí àwọ̀ HSS bá di bí aró nígbà tí ẹ ń pọ́n ọn, kò tíì bàjẹ́. Ẹ kàn má tì í bọ omi nígbà tó ti gbóná janjan, torí ó lè sán.

Eré wo ni kí n fi gé irin?

Eré ọ̀bẹ lójú irin la ń wò, kì í ṣe iye ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì yí. Fún HSS, mild steel (irin lásán tó rọ̀) ń gba nǹkan bí mítà 30 ní ìṣẹ́jú kan, cast iron nǹkan bí 18, irin tí kì í dípẹtà bíi 12 sí 15, idẹ bíi 50, àlùmíníọ̀mù 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ nọ́ńbà náà di ìlọ́po 320, kí ẹ fi fífẹ̀ irin ní mm pín in. Mild steel tó fẹ̀ 25 mm: 30 lọ́nà 320 jẹ́ 9,600, ẹ fi 25 pín in, ó di ìyípo 384 ní ìṣẹ́jú kan. Lára àwọn eré tí ẹ̀rọ yín ní, ẹ yan èyí tó sún mọ́ ọn jù láti ìsàlẹ̀. Lórí dírììlì àti mílíìnì, fífẹ̀ ẹnu dírììlì tàbí ti kọ́tà ni kí ẹ lò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹnu dírììlì ńlá máa sáré bíi ti kékeré. Ó máa ń hàn bí etí rẹ̀ bá ti ní àwọ̀ bí aró.

Kí ló dé tí ojú irin mi fi ń rí kẹ́kẹẹ̀kẹ́, tí ẹ̀rọ sì ń han?

Nǹkan kan ń gbọ̀n. Ẹ wá a lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má kàn dín ìjìnlẹ̀ ìgé kù. Ṣé ọ̀bẹ yọ síta jù? Ẹ tì í padà. Ṣé irin yọ síta kọjá ìlọ́po mẹ́ta ìnípọn rẹ̀? Ẹ fi tailstock tì í lẹ́yìn. Ṣé ẹnu ọ̀bẹ wà ní ìwọ̀n àárín irin gan-an? Bó bá ga jù, ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀bẹ á máa ra irin láìgé e. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ó máa fi ṣóńṣó kékeré sílẹ̀ láàárín nígbà tí ẹ bá ń tẹ́ ojú irin. Ṣé irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀bẹ ń rìn ti dẹ̀? Ẹ fún àwọn síkírù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìrìn rẹ̀ á fi wúwo díẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ dín eré kù kí ẹ sì fi kún bí ọ̀bẹ ṣe ń rìn. Ó jọni lójú, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ jù máa ń ra irin dípò kó gé e, ibẹ̀ sì ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá fẹ́ gé irin já lórí léètì. Ọ̀bẹ máa ń há, ó sì máa ń kán.

Ìgé-já ni iṣẹ́ tó ń tú àṣírí gbogbo ohun tó bá dẹ̀ lára léètì. Ẹ gé e nítòsí ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ má gé e jìnnà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀bẹ yọ síta ní ìwọ̀n tí yóò dé àárín irin nìkan. Ó gbọ́dọ̀ dúró gún régé sí irin. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ra kòtò tó ń gbẹ́, á sì há. Ẹ de carriage mọ́ bẹ́ẹ̀dì kó má bàa rìn. Eré rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti ìgé lásán.

Ẹ wá tì í wọlé láìdúró, pẹ̀lú ọ́ìlì tó ń kán sí i. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù máa ń dúró, tẹ̀ ẹ́, dúró. Ìgbà tó bá dúró ni ọ̀bẹ á máa dán irin, tí yóò sì wọlé lójijì. Bí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa, èérún irin á máa jáde ní okùn tó ká bíi ribọ́ọ̀nù, ariwo rẹ̀ á sì dúró lójú kan. Ẹ má sì gé irin já nígbà tí tailstock bá tì í lẹ́yìn, torí apá méjèèjì á fún ọ̀bẹ mọ́ àárín.

Ṣọ́ọ̀kì ọlọ́wọ́ mẹ́ta tàbí ọlọ́wọ́ mẹ́rin?

Ọlọ́wọ́ mẹ́ta yá, ọlọ́wọ́ mẹ́rin péye. Ti mẹ́rin, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń dá rìn, ó sì ń di irin tó ní igun àti èyí tí kò rí roboto mú. Pẹ̀lú géèjì alátọ́ka, ẹni tó ti mọ́ lára á mú irin wá sí àárín láìpẹ́. Bí ẹ bá ń lo ọlọ́wọ́ mẹ́ta, ẹ ṣe gbogbo ojú tó gbọ́dọ̀ bára mu láìtú irin sílẹ̀. Bí ẹ bá ti tú u tí ẹ tún so ó, kò ní padà sójú kan náà.

Nọ́ńbà ojú dáyà, ìyẹn òrùka onínọ́ńbà nídìí ọwọ́ tí mo fi ń yí ọ̀bẹ wọlé, ò bá ohun tí mo wọ̀n mu.

Ohun méjì ni. Lára àwọn léètì kan, dáyà ń sọ bí ọ̀bẹ ṣe wọlé tó. Lára àwọn mìíràn, ó ń sọ bí irin ṣe máa dín ní fífẹ̀, tó jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹ ha irin, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ wọlé 0.5, ẹ tún ha á, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ óò mọ èyí tí tiyín jẹ́.

Èkejì ni pé síkírù inú rẹ̀ máa ń dẹ̀, ọwọ́ á kọ́kọ́ yí díẹ̀ láìmú nǹkan kan rìn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa gbà dé nọ́ńbà yín. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ẹ yí i padà tó ààbọ̀ ìyípo kan, kí ẹ tún tọ̀ ọ́ wá. Ìdẹ̀ yìí kan náà ló fà á tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa ti irin lòdì sí ibi tí kọ́tà mílíìnì ń yí sí. Bí ẹ bá tì í tẹ̀ lé kọ́tà, ó lè fa tábìlì mọ́ra lójijì.

Ṣé léètì tí síkírù rẹ̀ jẹ́ ti ínṣì lè gé tíréèdì mílímítà?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá ní gíà eléyín 127. Ínṣì kan jẹ́ 25.4 mm gẹ́ẹ́, 25.4 lọ́nà márùn-ún sì jẹ́ 127. Nítorí náà ìpín rẹ̀ á jáde láìṣẹ́kù. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni pé, nígbà tí ẹ bá ń gé e, ẹ má tú nọ́ọ̀tì tó di síkírù gígùn mú sílẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ fà ọ̀bẹ jáde, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ yí i padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá tú u, ọ̀bẹ lè padà wọ ojú mìíràn, yóò sì ba tíréèdì jẹ́.

Igun tíréèdì mílímítà jẹ́ ìwọ̀n 60. Bóòtù ẹ̀rọ àtijọ́ lè jẹ́ ti Whitworth, èyí tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ ní 1841, igun tirẹ̀ sì jẹ́ 55. Ẹ wò ó kí ẹ tó pọ́n ọ̀bẹ.

Fún táàpù (ohun tí a fi ń gé tíréèdì sínú ihò), ẹ yọ àlàfo láti eyín kan sí èkejì kúrò nínú fífẹ̀ bóòtù: M6 ń fẹ́ ihò 5 mm, M8 ń fẹ́ 6.8, M10 ń fẹ́ 8.5.

Ọ́ìlì wo ni kí n máa kán sí i?

Ọ́ìlì ìgé fún irin, kẹrosíìnì fún àlùmíníọ̀mù kó má bàa lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀bẹ. Idẹ àti cast iron ò nílò rárá. Ìyẹ̀fun cast iron dúdú, ó sì ń jẹ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi bébà bo bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó gé e, kí ẹ nù ún mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á kó má bàa dípẹtà.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀rọ ìpọ́n?

Àlàfo láàárín òkúta àti ibi tí ẹ ń gbé irin lé kò gbọ́dọ̀ ju 3 mm lọ, kí irin má bàa wọ àárín wọn. Kí ẹ tó so òkúta tuntun, ẹ gbé e kọ́ ìka, kí ẹ fi igi kàn án: èyí tó yè á dún bí agogo, èyí tó ti sán á dún bọ̀ọ̀lọ̀. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tàn án, kí ẹ jẹ́ kó sáré fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má pọ́n àlùmíníọ̀mù lórí òkúta tí wọ́n ṣe fún irin. Ó máa ń dí ojú rẹ̀, òkúta á gbóná, ó sì lè bẹ́.

Ṣé kí n wọ ìbọ̀wọ́?

Ẹ má wọ̀ ọ́ nídìí ohunkóhun tó ń yí. Irin lè ya ọwọ́, èyíinì máa san. Ìbọ̀wọ́ tí ṣọ́ọ̀kì bá gbá mú á fa gbogbo apá wọlé. Bákan náà ni òrùka, okùn ọrùn, apá aṣọ tó gùn, àti irun tí wọn ò dì. Awò ìdáàbòbò ojú ṣe pàtàkì nígbà gbogbo. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀kì kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín nígbà tó bá wà lára ṣọ́ọ̀kì: bí ẹ bá fẹ́ jù ú sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́. Okùn irin tó ń jáde láti ẹnu ọ̀bẹ mú bí abẹ, ó sì gbóná. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi ìkọ́ fà á. Ẹ má fi sáńpépà ká ìka láti dán irin tó ń yí. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí méjèèjì sáńpépà náà mú.

Mo ní irin àlòkù púpọ̀. Ṣé mo lè gé gbogbo rẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ fi fáìlì tuntun ra etí rẹ̀. Bí fáìlì bá jẹ ẹ́, léètì á gé e. Bó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ láìmú, wọ́n ti fi iná sọ ọ́ di líle, HSS ò sì ní ràn án. Sípíríìnì àti béárìn àtijọ́ sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á rọrùn fún bó bá ra irin tí wọ́n ṣe fún ìgé ní pàtàkì, irú 12L14 tí òjé díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èérún rẹ̀ máa ń já kúkúrú, ojú rẹ̀ á sì dán, èèyàn á sì lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni àbí irin ni ohun tó ń dà á láàmú.